Bí Ará Ilé Ẹni Bá Wà Ní Ẹ̀wọ̀n

Nínú gbogbo ibi tí ọmọ ènìyàn lè bá ara rẹ̀ ní ayé yìí, kò sí èyí tí ẹnu ń wúwo láti dárúkọ bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí ẹnì kan bá rin ìrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa fi í ṣògo ní ojúde. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn, wọn a gbé oúnjẹ lọ bá a, wọn a sì máa ròyìn fún àwọn aládùúgbò bí ara rẹ̀ ti ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n ni ó wà, bí a bá béèrè rẹ̀, a óò gbọ́ pé, "Ó lọ sí Òkè Ọya." Ẹni tí ó sọ ọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tí ó gbọ́ ọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ tí ó wà ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní ẹsẹ̀ òkè Mápó àti ní Bẹ́yẹrúnká, níbi tí páànù ilé kan ti ń fi ara kan páànù ilé kejì, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kì í pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì. Kí ni èrè irọ́ náà, nígbà náà?

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ojúṣe àwọn ará ilé sí ẹni wọn tí ó wà ní àhámọ́. Àwọn baba wa ní, "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́, ańjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan." Òwe yìí bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹ́wọ̀n mu. Nígbà tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ráyè tì. Ọjọ́ tí a mú un ni gbogbo ènìyàn rántí pé àwọn ní iṣẹ́ láti ṣe ní oko. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ni ó tún wí pé, "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra." Ìjọba ti fi ọwọ́ ọ̀tún bá a wí. Ta ni yóò fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra, bí kò ṣe àwọn tí ó bí i, tí wọ́n sì bá a tan?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà gan-an. Irin tí a so kọ́ ara wọn ní òrùka-òrùka, tí a fi ń de ajá mọ́lẹ̀, ni à ń pè ní ẹ̀wọ̀n. Láti ara irin yìí ni a ti mú orúkọ ilé tí a ń ti ènìyàn mọ́, tí a fi ń pè é ní ilé ẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní túbú. Orúkọ náà fi hàn pé dídè ni àwọn ará àtijọ́ kà sí iṣẹ́ ilé náà. Ní ọdún 2019, òfin titun yí orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà padà, ó sì sọ ọ́ di iléeṣẹ́ tí ń tún ìwà ènìyàn ṣe. Ní ọdún 2023, a tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì gba àṣẹ láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn. Orúkọ titun kì í sọ ilé àtijọ́ di titun ní òòjọ́, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí òfin ń fẹ́ hàn wá, èyíinì ni pé kí ẹni tí ó wọ ibẹ̀ lè jáde ní ènìyàn tí ó sàn ju bí ó ti wọlé lọ. Wọ́dà nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá ní ilé tí yóò padà sí kò ní ìdí pàtàkì tí yóò fi tún ìwà ara rẹ̀ ṣe.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni a ti dá lẹ́bi. Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ń dúró de ìdájọ́ ju ìdajì gbogbo àwọn tí ó wà ní àhámọ́ lọ. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn jẹ́ aláìlẹ́bi títí a ó fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Abala 35 sì pàṣẹ pé kí a sọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un, nínú ìwé, láàrín wákàtí 24, àti ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò ju kìlómítà 40 lọ, a ní láti mú un dé iwájú adájọ́ láàrín ọjọ́ kan, àfi ẹni tí a fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó la ikú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ń pe ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ní olè kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀ ti gba ipò adájọ́, ipò tí ẹnikẹ́ni kò fi í sí.

Àwa ará Ìbàdàn ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko wa kọ̀ láti san owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. A mú púpọ̀ nínú wọn, a sì tì wọ́n mọ́lé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969, àwọn Agbẹ́kọ̀yà ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. A kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè ro pé ó dára láti fọ́ ilé ẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò nínú ìjà náà. A sọ ọ́ kí a lè rántí pé àgbẹ̀ tí ó ní ilé ní Ìbàdàn, tí ó ní oko ní ìgbèríko, tí kò jí abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni rí, lè di ẹni tí a tì mọ́lé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ti ìran kan ṣoṣo.

Kì í sì í ṣe ti tálákà nìkan. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn níhìn-ín, ni ilé ẹjọ́ rán lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ní oṣù keje ọdún náà, kí ìdájọ́ tó jáde, ìjàm̀bá ọkọ̀ ti pa Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Kálàbá ni a gbé baba náà lọ nígbẹ̀yìn. Ẹni tí yóò bá ti Ìbàdàn lọ sí Kálàbá ní ìgbà náà mọ̀ pé ìrìn àjò ni òun ń lọ, nítorí kí a tó parí afárá Odò Ọya láàrín Asaba àti Onitsha ní òpin ọdún 1965, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó èrò àti mọ́tò sọdá. Ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Hannah Ìdòwú Dídéolú Awólọ́wọ̀, kò fi ilé sílẹ̀, kò fi ọmọ sílẹ̀, kò sì fi ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde síta, ó ń kiri láti ìlú dé ìlú polongo ìbò fún àwọn ẹgbẹ́ tí ọkọ rẹ̀ bá ṣe. Nínú ẹ̀wọ̀n náà, ọkọ rẹ̀ fi kíkà àti kíkọ dí ọjọ́; ìwé tí ó kọ níbẹ̀ lórí ìwé òfin Nàìjíríà jáde ní ọdún 1966, ọdún tí a dá òun náà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ àhámọ́ láti ọdún 1967 títí di ọdún 1969 láìsí ìdájọ́ kankan. Ní Kàdúná ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbà náà, ní òun nìkan nínú yàrá kékeré. Nígbà tí kò rí ìwé, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí àárín ìlà àwọn ìwé tí a ti tẹ̀, àti sára ìwé tí a fi ń nu ìdí. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fa ìwé ya nítorí pé gègé tò sí i lára rántí èyí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn tó báyìí láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mélòó mélòó ni òùngbẹ yóò ṣe máa gbẹ ẹ́ láti gba ọ̀rọ̀ láti ilé?

Ní òkè òkun náà, bákan náà ni. Nelson Mandela ti Gúúsù Áfíríkà lo ọdún 27 ní ẹ̀wọ̀n, 18 nínú rẹ̀ ní erékùṣù Robben. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo àti àlejò kan ṣoṣo ni a ń gbà á láàyè láti rí ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n a sì máa gé ohun tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn kúrò nínú lẹ́tà náà kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn òfin tí ó wà fún ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà sọ pé kí a máa jẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n rí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àkókò-àkókò, kí a sì jẹ́ kí ó máa kọ ìwé sí wọn. Òmíràn sọ pé a kò gbọdọ̀ fi àìjẹ́-kí-ó-rí-ará-ilé ṣe ìyà fún un. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé pàápàá ti rí i pé àbẹ̀wò kì í ṣe fàájì; oúnjẹ ọkàn ni.

Nísinsìnyí, kí ni a ó ṣe bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé wa?

Èkíní, kí a mọ ibi tí ẹni wa wà, kí a sì mọ ẹ̀sùn tí a fi kàn án. Àtìmọ́lé ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí a mú ní òwúrọ̀ lè ti kúrò ní ibi tí a kọ́kọ́ mú un lọ kí alẹ́ tó lẹ́. Kí ẹni tí ó lè kàwé nínú ilé kọ orúkọ ilé ẹjọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, àti ọjọ́ tí a sún ẹjọ́ sí sílẹ̀. Bí kò bá sí owó agbẹjọ́rò, Ìgbìmọ̀ tí ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ọ̀ràn ẹjọ́, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, wà fún irú rẹ̀. Kí ọjọ́ ẹjọ́ má ṣe kọjá láìsí ojú ará ilé kan nínú ilé ẹjọ́. Ẹni tí ó dúró ní ibi ìjẹ́jọ́, tí ó bojú wẹ̀yìn tí ó rí ìyá rẹ̀, yóò dúró gírígírí.

Èkejì ni àbẹ̀wò. Láti Mápó dé Agodi kò jìnnà. Ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìtìjú ni ó ń sọ ọ̀nà náà di gígùn. Kí a tó lọ, kí a béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí a ń gba àlejò, kí a sì béèrè irú oúnjẹ àti irú ẹrù tí a gbà láàyè. Kí a mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Kí a kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, kí a sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹrù wa wò. Ẹni tí ó bá fi igbó tàbí fóònù pamọ́ sínú ẹ̀kọ tàbí sínú ìrẹsì kò fẹ́ràn ẹlẹ́wọ̀n náà. Ó ń fi ẹ̀wọ̀n kún ẹ̀wọ̀n ni, bóyá tirẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí a bá dé iwájú ẹni wa, kí a má ṣe lo ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fún wa láti sunkún tán. A kò sọ pé kí a má sunkún. Bí a bá ń sunkún, a sì máa ń ríran. Kí a ròyìn ilé, kí a gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ, kí a wo ara rẹ̀ bóyá ó ń ṣàìsàn, kí a sì dá ọjọ́ tí a ó tún wá. Ọjọ́ tí a bá dá, kí a má yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó wà ní ìta lè gbàgbé ọjọ́. Ẹni tí ó wà nínú ń fi ìka kà á ni.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́tà, iṣẹ́ yìí sì bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé, ẹ̀yin ni akọ̀wé ìyá àgbà. Kí lẹ́tà náà ṣókí; kí ó ní ọjọ́ àti àdírẹ́sì; kí ó jẹ́ òtítọ́. Ẹ rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ lè kà á kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sínú rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni ó ni ìyẹn. Ẹyin ni ohùn: bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́. Lẹ́tà sì burú jù ohùn lọ, nítorí pé ó lè kà á ní ìgbà 20 ní alẹ́ kan. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, bí ẹni pé ọmọdé kan ni ó bá ìyá rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jẹ́ káfíńtà:

Bẹ́yẹrúnká, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ sì kú ìfaradà. Ìyá wa ni ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní kí n kí yín, kí n sì sọ pé ẹsẹ̀ tí ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ń dé Ọjà'ba lọ ta ẹ̀fọ́. Ọmọ yín ti rìn. Ó ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí ó tó ṣubú, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo nu ayùn àti àwọn irin iṣẹ́ yín pẹ̀lú epo ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n má baà dógùn-ún. Baba Mọ́gàjí ní kí a má ta ọ̀kankan nínú wọn. Owó ilé ìwé mi ni àbúrò bàbá wa san ìdajì rẹ̀. A ń wá ìdajì yòókù.

A ó wá wò yín ní ọjọ́ Àìkú kejì, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ bí ẹ bá fẹ́ ọṣẹ tàbí ìwé kíkà.

Ìyá ní ìlẹ̀kùn yàrá yín kò tì.

Èmi ni àbúrò yín.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọ náà kò parọ́ pé owó pọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìṣòro ilé ni ẹni tí kò lè ràn án lọ́wọ́ lára. Kò béèrè pé, "Kí ni ẹ ṣe tí ẹ fi dé ibẹ̀?" Ó ròyìn àwọn ohun kéékèèké: ẹsẹ̀ ìyá, ìṣísẹ̀ ọmọ, ayùn tí a fi epo nù. Láti ara irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́wọ̀n fi ń mọ̀ pé ààyè òun ṣì ṣófo, tí ó ń dúró de òun nílé.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú àwọn tí ó fi sílẹ̀. Ìyàwó ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe opó, ṣùgbọ́n opó pàápàá a máa rí ẹni bá a kẹ́dùn jù ú lọ. Kí àwọn ẹbí pín ẹrù náà: kí ẹnì kan gba owó ilé ìwé, kí ẹnì kan gba owó oúnjẹ, kí ẹnì kan máa ṣọ́ oko tàbí ìsọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú kíláàsì, bí baba ẹlẹgbẹ́ yín bá wà ní ẹ̀wọ̀n, ẹ má ṣe sọ ọ́ di orin. Ọmọ náà kò jẹ́jọ́, adájọ́ kò sì rán an ní ẹ̀wọ̀n. Bí ẹ bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ń rán an lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé, "Bí ẹni náà bá jẹ̀bi ńkọ́? Bí ó bá jalè, tí ó sì ṣe ẹlòmíràn léṣe, ṣé kí a tún gbé oúnjẹ lọ bá a?" Ìbéèrè rere ni. Ìfẹ́ kì í sọ dúdú di funfun. A kò gbọdọ̀ bá a parọ́ ní ilé ẹjọ́, a kò gbọdọ̀ fi owó yí ẹlẹ́rìí ní ọkàn padà, a kò sì gbọdọ̀ bá a fi ẹrù olè pamọ́, nítorí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó ṣẹ̀ sí náà ní ilé, ó sì ní ìyá. Ìdílé tí ó bá mọ ẹ̀tọ́ yóò rán àgbà lọ bẹ̀ ẹ́, yóò sì wá ọ̀nà láti dá ohun tí ó ṣeé dá padà padà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tún gbé oúnjẹ lọ sí Agodi. Àwọn iṣẹ́ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ọmọ tí a kò bá wí yóò bàjẹ́. Èyí tí a bá wí tí a kò fà mọ́ra yóò sọnù.

Ìkẹyìn ni ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ogún ọdún kò jìnnà, bí ó bá ti kù ọ̀la. Kí a ràn án lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà tí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì ti gba oyè yunifásítì, nítorí pé Yunifásítì àpapọ̀ tí à ń pè ní NOUN ní ibi ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan. Ìwé tí a bá mú lọ fún un lónìí lè di iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ní ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ó bá ẹnì kan ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó jáde tí kò rí ẹnikẹ́ni yóò yà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá pàdé nínú ẹ̀wọ̀n, nítorí pé àwọn ni kò tijú rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá bi wá léèrè ẹni wa, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun Òkè Ọya tí a ń rán an lọ. A kò ní láti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ọjà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, láàrín ara wa, kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a bu oúnjẹ tirẹ̀, kí a sì mọ ẹni tí yóò gbé e lọ.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ẹni tí ń dúró de ìdájọ́ àti ẹni tí a ti dá lẹ́bi? Kí ni abala 36 ìwé òfin sọ nípa rẹ̀?
2. Ṣàlàyé àwọn òwe wọ̀nyí, kí o sì sọ bí wọ́n ti bá ẹ̀kọ́ yìí mu: (a) Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́. (b) Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un.
3. Àwọn ohun wo ni ọmọ tí ó kọ lẹ́tà náà fi sílẹ̀ láìsọ? Kí ni ìdí rẹ̀?
4. "Ìyá ní ìlẹ̀kùn yàrá yín kò tì." Kí ni ìyá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ nínú gbólóhùn yìí?
5. Lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: àhámọ́, dógùn-ún, tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀, àtìmọ́lé, gírígírí.
6. Kọ àròkọ tí kò ju ojú ìwé kan àbọ̀ lọ lórí kókó yìí: "Ẹni tí ó ṣẹ̀ kò tíì di ẹni tí kò ní ilé."